Igi Tí A Gé Létídò, Tí Wọ́n Ní Ká Tún Gbìn

Ọ̀rọ̀ ò pọ̀ lẹ́nu mi. Bọ́sẹ̀, ọmọ ọmọ mi, ló ní kí n jókòó, kí n sọ bí mo ṣe ṣiṣẹ́ láti kékeré, òun á máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní àwọn ẹgbẹ́ òun ń ronú iṣẹ́ tí wọ́n máa ṣe láyé, pé wọ́n á fi tèmi kọ́gbọ́n. Mo ní ọgbọ́n wo? Ó ní kí n ṣáà sọ ọ́. Èmi ò kàwé. Tí nǹkan kan ò bá tọ̀nà níbẹ̀, Bọ́sẹ̀ ló kọ ọ́.

Iṣẹ́ igi ni mo ṣe. Mo gé e, mo gbìn ín, mo tún gé e, ní báyìí wọ́n ní kí n tún máa gbìn ín. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti ń lọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, mi ò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ìwàrà ni wọ́n bí mi sí, nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Oko kòkó ni bàbá mi ń ṣe. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan ló mú mi lọ bá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ igbó ìjọba, wọ́n gbà mí sí lébírà. Owó tí wọ́n ń san, kò tó sọ. Ẹ jẹ́ kí n fò ó.

Ọ̀gá tí wọ́n fà mí lé lọ́wọ́, ará Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni. Bàbá Ògúnbọ̀dé là ń pè é. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kì í rẹ́rìn-ín, kì í sì í pariwo. Tó bá bínú, ṣe ló máa dákẹ́, wàá sì mọ̀ pé o ti wọ gàù. Odidi ẹ̀ẹ̀rùn kan àti òjò kan, kò jẹ́ kí n di àdá mú láti fi ṣiṣẹ́. Àdá tiẹ̀ ni mo ń pọ́n. Tí mo bá pọ́n ọn tán, á fi ojú rẹ̀ fá irun apá ara rẹ̀. Tí irun yẹn ò bá lọ, á dá àdá padà fún mi, kò ní sọ nǹkan kan. Màá tún lọ jókòó. Nígbà míì ilẹ̀ á ti mọ́, àwọn yòókù á ti ro ọ̀nà dé òkè, èmi ṣì wà lórí òkúta, mò ń pọ́n àdá.

Lẹ́yìn àdá, ó kan okùn. Bàbá Ògúnbọ̀dé ní okùn kan tó ti dúdú, ó máa ń ká a mọ́ èjìká. Ohun yòówù ká fẹ́ gbìn, àfi kó kọ́kọ́ ta okùn yẹn. Igi tó bá yà kúrò nídìí okùn báyìí, á fà á tu, á gbé e lé ọ lọ́wọ́: "Tún un gbìn." Ọjọ́ kan wà tí mo gbin igi tíìkì, tí gbogbo ìlà náà wọ́, òjò sì ti ń rọ̀. Ó ní kí n hú gbogbo rẹ̀. Òun náà dúró sínú òjò, ó ń wò mí. Mo sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pé, "Ṣé igi yìí máa mọ̀ pé òun wọ́ ni?"

Bàbá gbọ́. Ó ní, "Igi ò ní mọ̀. Ìwọ lo máa mọ̀."

Láti ìgbà yẹn, tí mo bá ń gbin nǹkan, kódà bó jẹ́ ata ẹ̀yìnkùlé, ọwọ́ mi á máa wá ìlà.

Ohun kan wà tí mi ò tíì lóye nínú ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí. Tá a bá ń ro igbó, tá a dé ibi tí odò wà, á ní ká dúró síbi tó jìnnà sómi. Ó ní igi etídò ò ṣeé gé, pé ilẹ̀ ló ń dì mú. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é. Ó wá di ọjọ́ kan, ọ̀gá kan láti ọ́fíìsì gbé mọ́tò dé, ó ní ká ro ó dé ẹnu omi, kí tíìkì lè gba ibẹ̀. Bàbá Ògúnbọ̀dé ní "Yẹ́sà." Òun gan-an ló kọ́kọ́ sọ àáké sára igi ahùn tó wà létí omi. Nígbà tá a ń lọ sílé, mo rọra bá a.

Mo ní, "Bàbá, ẹ ní kò ṣeé gé."

Ó ní, "Mo ní kò ṣeé gé. Wọ́n ní ká gé e. Iṣẹ́ tí wọ́n bá rán wa là ń jẹ́."

"Èwo wá ni òótọ́ níbẹ̀?"

Ó na àdá sí mi. Ó ní, "Pọ́n ọn."

Títí dòní, mi ò mọ̀ bóyá ó dá mi lóhùn tàbí kò dá mi lóhùn. Ó ti kú, kò sẹ́ni tí màá bi.

Nígbà tó yá, wọ́n kó wa wá sí Òṣogbo, a ń bá ìjọba ìbílẹ̀ ro ẹ̀bá títì àti etídò. Ibẹ̀ ni mo fẹ́yàwó sí, ibẹ̀ ni mo bí Délé, bàbá Bọ́sẹ̀. Àwọn irinṣẹ́ wá ń yí padà. Àáké ni mo bá níbẹ̀. Ayùn ẹlẹ́ni méjì tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni ẹ́ńjìnnì tó ń gégi dé, gbogbo wa ń jà pé ta ló máa kọ́kọ́ gbé e. Mo gbé e. Iṣẹ́ yá, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí èèyàn gbọ́ nǹkan. Igi tó bá fẹ́ wó, ó máa ń ké kó tó wó, tó bá jẹ́ àáké lo fi ń gé e, wàá gbọ́. Ẹ́ńjìnnì, ariwo tiẹ̀ nìkan lò ń gbọ́. Wọ́n tún wá kó oògùn apakoríko dé, èyí tá a ń pọ̀n sẹ́yìn bí ọmọ, tá a ń fọ́n sílẹ̀. Koríko tá a fi àdá ro á tún hù. Èyí tá a fọ́n oògùn sí, ilẹ̀ ibẹ̀ á kàn pọ́n, á dákẹ́. Bọ́sẹ̀ ń bi mí pé èwo ló dáa jù. Èwo ni kí n sọ? Èyí tí kò dun ẹ̀yìn ni mo fẹ́ràn nígbà yẹn.

Odò kékeré kan wà lẹ́yìn àdúgbò wa, ó ń ṣàn lọ bá Ọ̀ṣun. Ọ̀nà ẹsẹ̀ ń gba ẹ̀bá rẹ̀ kọjá, ọ̀nà yẹn làwọn ọmọ ń gbà lọ sílé ẹ̀kọ́. Wọ́n ní ká ro etí odò náà, pé igbó ibẹ̀ ń kó ẹ̀fọn jọ, ó sì ń fi olè pamọ́. A ro ó. Nígbà tá a dé ẹ̀yìn ilé Bàbá Súlè, igi iyeyè ńlá kan wà níbẹ̀. Ọkùnrin náà wà lábẹ́ rẹ̀, ó ń ṣe àlùwàlá.

Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé eléyìí náà wà nínú rẹ̀?"

A ní ó wà nínú rẹ̀. Ó gbé búùta rẹ̀, ó ní kò burú, ó wọlé. A gé e. Igi mẹlínà la gbìn sí gbogbo etí odò yẹn, nítorí ó ń yára dàgbà. Mo ta okùn sí i. Ó tọ́, ẹni tó bá dúró nídìí àkọ́kọ́, kò ní rí èyí tó kù.

Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá. Òjò kan wá rọ̀ láti ìrọ̀lẹ́ títí di ọjọ́ kejì. Nígbà tí mo jáde láàárọ̀, mi ò rí ọ̀nà ẹsẹ̀ mọ́. Omi ló wà níbẹ̀, ó pọ́n bí epo, ó ń gbé ilẹ̀kùn lọ, ó ń gbé àga lọ. Pákó tí wọ́n fi ṣe afárá ti lọ. Ìyá Súlè dúró sẹ́yìn ilé rẹ̀, opó ni nígbà yẹn, ó ń wo ilé ìdáná rẹ̀ bó ṣe ń ya díẹ̀díẹ̀ wọnú omi. Ewúrẹ́ ẹ̀ méjì wà nínú ẹ̀, okùn wà lọ́rùn wọn. Mo sáré lọ, mo ge okùn ọ̀kan, omi sì gbé èkejì. Àwọn mẹlínà tí mo gbìn, mo ń wò wọ́n. Ọ̀kan wó. Èyí tó tẹ̀ lé e wó. Bí wọ́n ṣe tò ni wọ́n ṣe ń wó lọ.

Àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Àwọn kan ní ìdọ̀tí tó dí gọ́tà ni. Àwọn kan ní àwọn tó kọ́lé sójú omi ni. Àwọn kan ní igi tá a gé ni. Àwọn àgbà kan sì ní irú òjò yẹn ti rọ̀ rí kí wọ́n tó bí wa, nígbà tí igbó ṣì wà, omi sì wọlé nígbà yẹn náà. Mo gbọ́ ti gbogbo wọn. Ti gbogbo wọn ló jọ òótọ́.

Mo fẹ̀yìn tì. Mo jókòó sílé.

Kò tíì pẹ́ púpọ̀ báyìí tí Ráṣídì wá bá mi. Télọ̀ ni, ọmọ àdúgbò wa ni. Ó mú ọmọbìnrin kan dání, Tóyìn, tó ń dirun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Ráṣídì ní, "Bàbá, oore kan la fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe wá. Ẹ bá wa dé etídò, kẹ́ ẹ sọ igi tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ fún wa."

"Ta ló rán yín?"

"Kò sẹ́ni tó rán wa."

"Ta ló ń sanwó?"

"Kò sẹ́ni tó ń sanwó, Bàbá."

"Àbí ẹ fẹ́ ta ilẹ̀ náà ni?"

Tóyìn rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀yin náà, Bàbá. A fẹ́ kí igbó ibẹ̀ padà ni, kí ọ̀nà yẹn má tún bá omi lọ."

Mo ní, "Igbó? Láàárín ìlú? Wọ́n sanwó fún mi pé kí n gé igbó, ẹ̀yin ń bọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ láti gbìn ín?"

Ráṣídì ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo bá wọn lọ. Títí di báyìí, mi ò lè sọ ìdí tí mo fi lọ.

Àwọn bíi mélòó kan ni wọ́n, ọlọ́kadà wà níbẹ̀, tíṣà wà níbẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń jáde. Wọ́n kọ́kọ́ hú àwọn mẹlínà tó tún ti ń rú lórí kùkùté àwọn tí omi ṣẹ́. Tóyìn wò mí, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ ò bínú?" Mo ní mi ò mọ̀ bóyá mò ń bínú. Lẹ́yìn náà a gbin ọ̀pọ̀tọ́, a gbin ahùn, a gbin òmọ, láti ẹ̀yìn ilé Ìyá Súlè lọ sókè. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, odò yẹn á gbẹ di ẹrẹ̀, kànga Ìyá Súlè la máa ń fa omi níbẹ̀ láti fi rin wọ́n. Obìnrin náà ò kọ̀ fún wa.

Ibì kan wà lẹ́yìn ilé rẹ̀ tí ẹ̀bá ọ̀nà ń ya. Ẹnì kan ní ká gbin pèrègún síbẹ̀. Ó dùn mọ́ gbogbo wa. Igi ilẹ̀ wa ni, tó o bá gé ọ̀pá rẹ̀, tó o rì í mọ́lẹ̀, ó ti mú. Mo lọ mú okùn wá látilé. A gbìn ín, ó tọ́ gbọn-ọn-ran. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ya fọ́tò. Kò sẹ́nì kankan nínú wa tí kò mọ ohun tí pèrègún tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ ń jẹ́ nílẹ̀ Yorùbá. Omi là ń rò. Ọkàn wa ò sí lórí ilẹ̀.

Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ, Ìyá Súlè kó páànù àti pákó, ó dí ọ̀nà náà pa. Ó ti kànga rẹ̀. Àwọn ọmọ iléèwé ń gba ojú títì ńlá lọ. Àwọn igi wa tó wà lókè, kò sí ọ̀nà débẹ̀, kò sì sí omi. Ọyẹ́ sì ti dé.

Èmi àti Ráṣídì lọ bá a nírọ̀lẹ́. Ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó fún wa ní ìjókòó.

Mo ní, "Ìyá Súlè, a wá bẹ̀ yín ni."

"Ẹ gbin ààlà sẹ́yìn ilé mi, ẹ wá ń bẹ̀ mí."

Ráṣídì ní, "Màámi, kì í ṣe ààlà. Igi lásán ni."

"Ráṣídì, ṣé ìlú yìí ni wọ́n bí ẹ sí, àbí wọ́n gbé ẹ wá? Pèrègún. Ó tò. Okùn ni wọ́n ta sí i. Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nílé baba ẹ?"



Obìnrin náà wá ṣàlàyé fún wa. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, àbúrò ọkọ wá gbin pèrègún sí iwájú ilé, ó ní ààlà tó ti wà látayé baba àwọn nìyẹn. Nígbà tí ẹjọ́ dé iwájú àwọn àgbà, pèrègún ni wọ́n wò, wọ́n sì dá ilẹ̀ iwájú náà fún àbúrò ọkọ. Ibi tó kù lẹ́yìn yìí nìkan ni Súlè, ọmọ rẹ̀, ní láyé.

Mo ní, "Ẹ má bínú. Lọ́la la máa hú u."

Ó gbé ojú sókè. "Bàbá Délé, ta ní ń hú pèrègún ààlà? Bílẹ̀ bá mọ́ tí wọ́n rí i pé ó ti di híhú, ta ni wọ́n máa ní ó hú u? Wọ́n á ní opó jí ilẹ̀. Àbúrò ọkọ mi ń wá irú ẹ̀ gan-an."

Ó di pé a ò lè fi í sílẹ̀, a ò sì lè hú u. Ìyá Súlè ṣa ẹ̀wà díẹ̀ sí i.

Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ gé iyeyè mi. Ẹ gbin mẹlínà. Mẹlínà bá omi lọ, ó sì mú ilé ìdáná mi dání. Ẹ tún gbin pèrègún. Bàbá Délé, ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, kí lẹ fẹ́ gan-an?"

Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹnì kan ò bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni wọ́n máa ń sọ fún mi.

Obìnrin náà kàn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín fúnra rẹ̀. Ó ní, "Ẹ bà á jẹ́."

"Kí la máa bà jẹ́?"

"Ìlà yẹn. Ẹ gbin pèrègún mìíràn sí i, síwá, sẹ́yìn, létí omi, nídìí kànga, kẹ́nikẹ́ni má lè nawọ́ sí i pé ibí ló ti bẹ̀rẹ̀. Ààlà tó bá wà níbi gbogbo, kò sí níbì kankan nìyẹn. Ojú ọ̀sán gangan ni kẹ́ ẹ ṣe é, kí gbogbo àdúgbò rí yín. Kẹ́ ẹ sì gbin iyeyè mi padà."

A ṣe é ní Sátidé. Gbogbo wọn ń gbìn, ó ń rí wọ́gọwọ̀gọ bó ṣe yẹ. Tèmi ò rí bẹ́ẹ̀. Màá gbin ọ̀kan, màá gbin ìkejì, màá gbin ìkẹta, tí mo bá bojú wẹ̀yìn, wọ́n ti tò.

Tóyìn ní, "Bàbá, ẹ tún ti fà á. Ọlọ́pàá ìlà."

Ìyá Súlè ní kí n dúró. Ó ṣa òkúta wẹ́wẹ́ sọ́wọ́, ó ń jù wọ́n síbi tó bá wù ú, ó ní ibi tí òkúta bá balẹ̀ sí ni kí n gbìn ín sí. Mò ń tẹ̀ lé òkúta kiri bí adìẹ. Ojú ń tì mí. Ṣùgbọ́n kò tò mọ́.

Bí a ṣe wà níbẹ̀, àbúrò ọkọ rẹ̀ dé. Ó dúró, ó wò ó títí.

Ó ní, "Kí lẹ̀ ń ṣe níbí?"

Ìyá Súlè ní, "A ń gbin pèrègún."

"Níbo wá ni ààlà wà?"

"Ẹ bá wa wá a, Bàbá Kékeré."

Ọkùnrin náà rìn lọ, ó rìn bọ̀, ó tún wo ìdí kànga. Ó káwọ́ sẹ́yìn, ó lọ.

Ó wá ku iyeyè. Mo sọ pé ibi báyìí ló wà, mo sì rò pé mo mọ̀ ọ́n, èmi ni mo gé e. Ìyá Súlè ní rárá, ẹ̀gbẹ́ ọ̀hún ni, ibẹ̀ ni òjìji rẹ̀ ti ń bo fèrèsé ọkọ òun. Odò ti gbé ilẹ̀ yẹn lọ, ó ti gbé òmíràn dé, kò sí kùkùté tá a lè bi. Ibi tó sọ la gbìn ín sí. Mi ò tíì gbà pé ibẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n fèrèsé tó sọ wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kó páànù kúrò lọ́nà. Gbogbo wa gòkè lọ wo àwọn igi wa. Ọyẹ́ ti ṣe wọ́n bó ṣe wù ú. Ewé ti gbẹ lórí èyí tó pọ̀ jù. Mo fi èékánná ha èèpo ọ̀kan, inú rẹ̀ tutù díẹ̀. Mo ha òmíràn, ó rí bí ẹni pé ó tutù, ó tún rí bí ẹni pé ó ti lọ. Mo ha títí, ojú mi ń ṣe bàìbàì.

Ráṣídì ní, "Bàbá, èwo ló ti kú, ká má fomi ṣòfò?"

Mo ní, "Mi ò mọ̀."

Wọ́n dúró, wọ́n ń wò mí, wọ́n rò pé màá sọ nǹkan mìíràn. Ìyá Súlè ló gba àárín wa kọjá. Ó ti fa omi, garawa wà lórí rẹ̀, omi ń kán sí i léjìká. Ó sọ ọ́ kalẹ̀ nídìí igi àkọ́kọ́.

Ó ní, "Ẹ bomi rin gbogbo ẹ̀. Èyí tó ti kú máa sọ fún wa tó bá yá."

Mo bu omi.